Òmìnira Tí Owó Kò Lè Rà: Ìtàn Ìgbàgbọ́ Àwọn Òbí Wa ní Sabon Gari, Kánò

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ wa ń béèrè pé: "Ẹ̀yin àgbà, ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn bàbá yín ti ń lọ láti ìgbà rélùwéè, kí ló mú bọ̀ fún wọn? Wọn ò ní nǹkan kan nígbà tí wọ́n dé Kánò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní nǹkan kan nígbà tí wọ́n kú." Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kò yẹ kí a fi ìbínú dá wọn lóhùn. Ìtàn ni kí a fi dá wọn lóhùn.

Èsì wa rèé ní kúkúrú. Àwọn òbí wa kì í pe owó ní òmìnira. Ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira ni pé kí ẹ̀rù má ṣe jẹ́ ọ̀gá lórí ẹni, kí tálákà lè dúró láàrin àwùjọ bí ènìyàn gidi, kí ó má sì sí ẹnikẹ́ni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe rí i.

BÍ A ṢE DÉ KÁNÒ

Oṣù kejì ọdún 1903 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Kánò. Ní 1911, ojú irin tí wọ́n ń tẹ̀ bọ̀ láti Baro létí odò Ọya dé ìlú náà. Nígbà tó di 1912, ojú irin ti Èkó, tó ti gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá, ti pàdé rẹ̀ ní Mínná. Bí ọ̀nà ṣe là fún wa nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Iddo lè gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò.

Àwọn wo ló wọ ọkọ̀ náà? Ọlọ́lá kọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Akàwé rélùwéè àti ti àwọn kọ́ḿpìnì Òyìnbó wà níbẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀, bíríkìlà, télọ̀, àti àwọn tó ń da èédú sínú iná ẹ̀rọ ọkọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà gbé aṣọ wá tà. Àwọn ìyá wa gbé obì wá láti ìhà Agége àti Abẹ́òkúta. Òwò ẹ̀pà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò ní 1912 tún pe ọ̀pọ̀ sí i. Àwọn kan wá wá owó ìyàwó, àwọn kan wá owó orí tí ìjọba ń béèrè. Àwọn mìíràn sì wá owó tí wọn yóò fi ra ẹbí wọn padà lóko ìwọ̀fà, nítorí láyé ìgbà náà ẹni tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ sìn ín.

Ẹ̀yìn odi ìlú àtijọ́ ni ìjọba kó wa sí, àwa àti àwọn Ìgbò, àwọn ará Gold Coast àti Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sabon Gari, ìyẹn Ìlú Tuntun ní èdè Hausa. Orúkọ òpópónà wa ṣì ń sọ ìtàn náà di òní: Yoruba Road, Ibo Road, Abeokuta Road, Gold Coast. Lugard sì ní ìlànà kan fún àwọn ìlú ìjọba: àyè ẹsẹ̀ bàtà 1,320 (yáàdì 440) gbọ́dọ̀ wà láàrin ilé Òyìnbó àti ilé ènìyàn dúdú, kí a má kọ́ ilé kankan síbẹ̀. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti iná ni. Ilẹ̀ tí a kọ́lé sí pàápàá, ìjọba ló ni ín. Wọ́n kàn yá wa lò ni.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àwọn Hausa tó wá sí Ìbàdàn náà, Sábó ni wọ́n fi wọ́n sí ní 1916. Àwa ní Sabon Gari ní Kánò, àwọn ní Sábó ní Ìbàdàn. Àlejò ni olúkúlùkù níbi tó wà. Èyí ṣe pàtàkì kí ìtàn yìí tó yé wa. Àwọn òbí wa ò ní ilẹ̀, wọn ò ní ọba níbí, ẹbí wọn sì jìnnà. Nígbà tí àìsàn bá dé tàbí iṣẹ́ bá bọ́, ta ni wọn yóò ké sí?

BÍṢỌ́Ọ̀BÙ Ò RÁYÈ DÚRÓ, KÁFÍŃTÀ RÁYÈ

Kí ojú irin tó dé rárá, àwọn Òyìnbó oníwàásù ti gbìyànjú. Ní 1900, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ CMS kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, Dókítà Walter Miller wà lára wọn, wọ́n sì rin ìrìn àjò láti Èkó títí dé Kánò. Ẹmíà Aliyu ò gbà wọ́n. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó ní kí wọ́n máa padà lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìjọba, Lugard ṣèlérí fún àwọn ẹmíà pé òun ò ní dí ẹ̀sìn Ìsìláàmù lọ́wọ́, nítorí náà ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń dá àwọn míṣọ́nnárì dúró kí wọ́n má wọ ìlú àwọn Mùsùlùmí. Miller dúró sí Zaria láti 1905. Ní 1929, míṣọ́ọ̀nù náà kúrò láàrin ìlú Zaria lọ sí Wusasa.

Ẹ ti rí i báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù dé Kánò, wọ́n dá a padà. Àmọ́ akàwé, káfíńtà àti oníṣòwò aṣọ dé ní bí ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló wà nínú àpótí yín. Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà rélùwéè nìyẹn, láti Mínná títí dé Jos àti Kánò. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin á kóra jọ nínú yàrá ẹnì kan lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á kọrin, wọ́n á dá kọ́bọ̀ jọ. Tó bá yá, wọ́n á tọrọ ilẹ̀, wọ́n á kọ́ búkà alámọ̀, wọ́n á wá kọ̀wé sílé pé kí wọ́n rán kátíkíìsì sí wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló mú ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya àti ní ilẹ̀ Gánà, àwọn oníṣòwò wọn ló sì ń ṣe é, ọjà lọ́wọ́ ọ̀tún, Bíbélì lọ́wọ́ òsì. S. L. Akintọ́lá, tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tó yá, ọmọ irú ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mínná ló gbé nígbà èwe rẹ̀.

Tálákà ló dá ìjọ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Lójú àwọn Òyìnbó, kúlí ni. Ní ọ́fíìsì, "boy" ni wọ́n ń pè é, ì báà ti pé àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n tó bá di Sunday, ó di bàbá ìjọ, ó di alàgbà, ó ń ka ẹ̀kọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. A ò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo nǹkan bẹ́ẹ̀.

ÌWÉ TÍ ẸRÚ KAN TÚMỌ̀

Bíbélì tí wọ́n gbé wá náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1821 ni àwọn jagunjagun kó Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi tà á fún àwọn Potogí létí òkun. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ yẹn ló di Samuel Àjàyí Crowther, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884.

Ẹni tí wọ́n tà bí ẹran ló kópa tó pọ̀ jù nínú ìwé tí alágbàṣe Sabon Gari ń kà lálẹ́ pẹ̀lú fìtílà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti kọ́ a, b, d, lórí Bíbélì Yorùbá. Ìyá tó ń ta àkàrà láàárọ̀ lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, kò ní gbé e lọ bá akọ̀wé tí yóò gba owó, tí yóò sì tún mọ àṣírí rẹ̀. Bàbá tó mọ̀wé kà á mọ̀ bí ìwé tí wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀ bá ní ẹ̀tàn nínú. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ òmìnira, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn mìíràn nínú wa lọ síwájú sí i. Ní 1891, àwọn ọmọ Yorùbá kan dá United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1901, àwọn kan jáde ní St. Paul's Breadfruit, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ènìyàn dúdú lè ṣe àkóso ìjọ ara rẹ̀, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Èrò yìí bá àwọn ará Sabon Gari lára mu gan-an. Òyìnbó ló ni ọ́fíìsì, òun ló sì ni rélùwéè. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ tiwa.

KỌ́BỌ̀ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìjọ àtijọ́ á rántí owó kíláàsì. Gbogbo ọmọ ìjọ ló wà ní kíláàsì kan, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olórí, olórí náà sì ní ìwé tó ń kọ orúkọ sí. Kọ́bọ̀ lásán ni tálákà ń san. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí kò wá lọ́sẹ̀ yìí. Tí o bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì, olórí kíláàsì rẹ á kan ilẹ̀kùn: ṣé ara ò yá ni, àbí iṣẹ́ ló bọ́, àbí ìyàwó ló bímọ?

Àwọn ẹgbẹ́ náà wà nínú ìjọ, ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dá àjọ. Ẹgbẹ́ ló ń sìnkú ẹni tí kò ní ẹbí ní Kánò. Ẹgbẹ́ ló ń kó owó jọ fún opó kó lè wọ ọkọ̀ padà sílé. Nígbà ìkórè, ẹni tó ní iṣu gbé iṣu wá, ẹni tí kò ní ju ewúro lọ gbé ewúro wá, wọ́n sì ń pe orúkọ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èyí ò sọ wọ́n di olówó. Ní 1929 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé, owó ẹ̀pà já wálẹ̀ ní Kánò, rélùwéè sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà ogun Hitler, ọjà wọ́n gógó, owó oṣù ò kúrò lójú kan, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti 22 June 1945, Michael Imoudu sì wà lára àwọn olórí wọn. Àwọn tó ń gbàdúrà ní Sunday náà ló ń wá gààrí láti jẹ ní Monday. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò dá wà nínú ìṣẹ́ náà.

ALÁDÙÚRÀ: Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀RÙ

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ lóró jù. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó wà ní Kánò tí ọmọ rẹ̀ ń kú léraléra á rò pé ayé ti tẹ̀lé òun dé Òkè Ọya. Àkọsílẹ̀ ń wá láti ilé pé báyìí-báyìí ni babaláwo wí, kí o fi owó ewúrẹ́ ránṣẹ́. Onísègùn ń gba tirẹ̀, alálùfáà tó ń ṣe tíírà ń gba tirẹ̀. Owó oṣù ń tán sórí ẹ̀rù kó tó kan oúnjẹ.

Ní 1918, àìsàn lukuluku tó pa ènìyàn káàkiri ayé gba Èkó wọlé, ó sì bá ojú irin dé Òkè Ọya. Ìjọba ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà, Joseph Sadare àti Sophia Ọdúnlámì wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìwòsàn. Ọ̀nà Faith Tabernacle gba ibẹ̀ wá, ó sì tàn láàrin àwọn akàwé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè dé àwọn ìlú ojú irin ní Òkè Ọya. Ní Èkó ní 1925, Moses Orímọládé láti Ìkàrẹ́ àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù. Ní October 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ ìjọba tó ń tẹ ọ̀nà láàrin Iléṣà àti Àkúrẹ́, gbọ́ ìpè, ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Ní July 1930, ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ tọ̀ ọ́ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Láti ibẹ̀ ni Christ Apostolic Church ti wá.

Ẹ wo irú àwọn ènìyàn tí Ọlọ́run lò. Arọ ni Orímọládé láti kékeré, kò kàwé, kò ní ilé, ó sì fẹsẹ̀ rin Kàbbà àti Lọ́kọ́ja kó tó dé Èkó. Abíọ́dún ò tíì pé ogún ọdún, obìnrin sì ni, ní àyé tí obìnrin kì í gun orí àga ìwàásù. Babalọlá ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Kò sí olówó kankan nínú wọn. Nígbà tí ìròyìn wọn gba ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa, tálákà gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ní èdè Yorùbá, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní omi àti àdúrà ni, kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n ní kí o kó oògùn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ jáde, kí o jó o níná, kí o sì sùn. Ẹ ro ohun tíyẹn jẹ́ fún ẹni tí kò tíì sùn dáadáa láti ọdún mẹ́wàá. Nínú Kérúbù àti Séráfù, gbogbo ènìyàn wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí ọ̀gá akàwé àti agbẹ́rù bá jọ wọ sùtánà funfun tí wọ́n jọ fẹsẹ̀ lásán kúnlẹ̀, o ò ní mọ ta ni ọ̀gá. Fún wákàtí mẹ́ta, nínú ìlú tí gbogbo nǹkan ti ní ìpele, ìpele Òyìnbó, ìpele ọmọ onílẹ̀, ìpele àlejò, wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà.

A ò ní bo ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ pé kí ènìyàn má lo oògùn kankan, ti ìbílẹ̀ tàbí ti dókítà, mú ẹkún wá sí ilé kan. Àwọn wòlíì èké náà wà nígbà yẹn bí wọ́n ṣe wà lónìí. Ìjọ sì pín sí wẹ́wẹ́ nítorí ipò. Ènìyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kókó náà dúró: ẹni tí ẹ̀rù ti dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ gba ìtúsílẹ̀, ó sì ṣì jẹ́ tálákà ní ọjọ́ kejì. Òun gan-an ló sọ pé òun ti dòmìnira.

NÍGBÀ TÍ INÁ DÉ

Àwọn ọmọ wa á ní, ìyẹn ti dára, àmọ́ ìgbàgbọ́ yẹn ò gbà yín lọ́wọ́ rògbòdìyàn. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Ní March 1953, Anthony Enahoro dá àbá òmìnira Nàìjíríà nílé aṣòfin. Inú bí àwọn olóṣèlú Òkè Ọya nítorí bí wọ́n ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín ní Èkó. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ rán Akintọ́lá wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Kánò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 16 May, ó sì di ọjọ́ kọkàndínlógún kó tó rọlẹ̀. Sabon Gari ni wọ́n kọjú sí. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ènìyàn 36 kú, 241 fara gbọgbẹ́. Ní 1966, wọ́n pa àwọn Ìgbò tó jẹ́ aládùúgbò wa, àwọn tó kù sá lọ, ilé wọn dá páropáro. Ní October 1982, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì ní Kánò. Ní 14 October 1991, nítorí ìpàgọ́ tí Reinhard Bonnke fẹ́ ṣe, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn. Ní 18 March 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ Sabon Gari láàrin àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gúúsù, ó sì lé ní ogún ènìyàn tó kú. Ní July ọdún kan náà, bọ́ǹbù tún bú ní àdúgbò wa.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó lówó nílé lọ sílé. Ọ̀pọ̀ tálákà ò rí ibi lọ. Wọ́n gbá eérú, wọ́n tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó jóná, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù nígbà yẹn kì í ṣe owó ọjà tó jóná. Bí ènìyàn ò ṣe ní kórìíra ló ṣòro. Ìkórìíra ń de ènìyàn ju gbèsè lọ.

Ẹ má gbàgbé pé Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwa Yorùbá Kánò fúnra wa. Àdúgbò Ayagi wà nínú ìlú àtijọ́ kí rélùwéè tó dé, Yorùbá sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú ilé kan náà ní Sabon Gari, ẹ̀gbọ́n ń lọ mọ́sálásí, àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Àwọn Hausa wà tó fi aládùúgbò wọn pamọ́ nígbà ìjà. Onígbàgbọ́ tó bá tún kí ẹni tó ń ta ẹran fún un tẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjà, tó sì ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, onítọ̀hún ti rí nǹkan tí ìjọba ò lè fún un.

ÒNÍ ŃKỌ́?

Ìdí tí a fi ń kọ gbogbo èyí rèé. Ní 1986, ìjọba Babangida mú ètò SAP wá, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ní 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, náírà tún já wálẹ̀. Láàrin ìgbà méjèèjì, ìwàásù kan gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá, pé tálákà ò tíì rí Ọlọ́run dáadáa, pé tó bá gbin irúgbìn owó, ọrọ̀ á hù. Àwọn kan tún ń pe ìtúsílẹ̀, wọ́n á sọ fún opó pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀, owó tí wọn yóò fi tú u sì ni iye báyìí.

Ẹ dákun, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rù tí àwọn òbí wa kó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tún ń tà fún wa yìí, pẹ̀lú máíkì. Owó ewúrẹ́ ti di owó irúgbìn. Ẹni tí Jésù dá sílẹ̀ ti tún padà di ìwọ̀fà.

A ò sọ pé òṣì dára o. Òṣì ò dára. Àwọn òbí wa ò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú kí àwa má bàa bá a lára wọn. Kí ènìyàn gbàdúrà fún iṣẹ́ àti àlùbáríkà ò burú. A ò sì sọ pé gbogbo ìjọ tuntun ló burú. Josiah Akíndayọ̀mi tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Ìràpadà ní Èkó ní 1952, kò mọ̀wé, kò lówó, inú Kérúbù àti Séráfù ló sì ti wá. Ohun tí a ń sọ ni pé òmìnira tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ ká máa san owó rẹ̀ ní ìdíwọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ìtàn wa ti fún wa ní òṣùwọ̀n. Ṣé ìjọ tí o wà mọ̀ tí o kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé wọ́n ń pe orúkọ ẹni tó gbé ewúro wá? Ṣé o ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àbí ẹ̀rù rẹ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìsìn? Ṣé wọ́n ń kọ́ ọ láti ka Ìwé náà fúnra rẹ, àbí ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á fún ọ? Tí àwọn ìdáhùn bá dára, dúró síbẹ̀, kódà bí òrùlé ibẹ̀ ń jò.

Ohun kan tó kù. Àwọn àgbà tó rí ìgbà rélùwéè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti tà, wọ́n ti padà sílé. Ìwé kíláàsì àtijọ́ wà níbì kan nínú àpótí, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yín tọ ìyá àgbà lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í pé ọdún wo ni bàbá rẹ̀ dé, ta ló kọ́kọ́ mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló rí níbẹ̀ tí kò fi kúrò. Ẹ ya àwòrán ìwé àtijọ́ kó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fún un, kì í tà á lọ́pọ̀.

Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Yóò dá ẹ̀mí wa sí, yóò fi àlàáfíà sí Kánò, yóò sì jẹ́ kí a fi ogún rere sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.